Etíkun Tarkwa Bay

Etíkun Tarkwa Bay (tí àwọn mìíràn ń kọ ní Takwa Bay) jẹ́ etíkun kékeré kan ní ẹnu ọ̀nà tí àwọn ọkọ̀ òkun ń gbà wọ èbúté Èkó, ní Ìpínlẹ̀ Èkó, orílẹ̀-èdè Nàìjíríà. Kò sí ojú títì tàbí afárá tí ó dé ibẹ̀. Ọkọ̀ ojú omi nìkan ni a fi ń lọ. Nítorí pé ògiri òkúta gígùn kan dáàbò bò ó lọ́wọ́ agbára òkun, omi rẹ̀ rọlẹ̀ ju ti àwọn etíkun Èkó yòókù lọ. Èyí ni ó sọ ọ́ di ààyò àwọn òmùwẹ̀, àwọn ìdílé tí ó ní ọmọ kékeré, àti àwọn tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́ eré gígun ìgbì. Tarkwa Bay tún jẹ́ abúlé tí ènìyàn ń gbé. Ní oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi lé ẹgbẹẹgbẹ̀rún àwọn olùgbé ibẹ̀ kúrò nílé wọn, ọ̀rọ̀ náà sì ṣì ń ní ipa lórí ohun gbogbo tí àlejò yóò bá níbẹ̀.

Ibùdó

Tarkwa Bay wà ní ìhà ìwọ̀-oòrùn ọ̀nà omi tí a ń pè ní Commodore Channel, èyí tí ó so Òkun Àtìláńtíìkì pọ̀ mọ́ ọ̀sà Èkó. Gbogbo ọkọ̀ ńlá tí ó ń lọ sí èbúté Àpápá tàbí ti Tin Can Island ni ó gbọ́dọ̀ gba ọ̀nà yìí kọjá. Nítorí náà, ẹni tí ó jókòó sórí iyanrìn ní Tarkwa Bay lè máa wo ọkọ̀ akẹ́rù tí ó ga bí ilé alájà púpọ̀ bí ó ti ń rọra kọjá lọ. Ní òdìkejì omi náà, ní ìlà-oòrùn, ni Victoria Island wà, pẹ̀lú ilẹ̀ tuntun tí wọ́n fi iyanrìn dí lójú òkun tí a mọ̀ sí Eko Atlantic.

Bí a bá wo àwòrán ilẹ̀ dáadáa, Tarkwa Bay kì í ṣe erékùṣù kan tí ó dá dúró gedegbe. Òpin ìlà-oòrùn ni ó jẹ́ fún ilẹ̀ iyanrìn tẹ́ẹ́rẹ́ gígùn kan tí ó nà wá láti apá Badagry. Òkun wà ní gúúsù ilẹ̀ yìí, omi ọ̀sà sì yà á sọ́tọ̀ kúrò lára àwọn àdúgbò bí Àpápá ní àríwá. Ṣùgbọ́n erékùṣù ni àwọn ará Èkó ń pè é, wọn kò sì ṣìnà ní ti ìlò: ohun gbogbo tí ènìyàn ń jẹ tí ó sì ń lò níbẹ̀, láti orí omi mímu títí dé símẹ́ǹtì, inú ọkọ̀ ojú omi ni púpọ̀ rẹ̀ ń bá wọlé.

Bí etíkun náà ṣe wáyé

Òkun nìkan kọ́ ni ó dá Tarkwa Bay sí ìrísí tí ó wà lónìí. Iṣẹ́ ọwọ́ ènìyàn wà níbẹ̀. Kí ó tó di ọ̀rúndún ogún, ẹnu òkun Èkó burú gidigidi fún ọkọ̀. Òkìtì iyanrìn ńlá kan wà lábẹ́ omi níbi tí ọ̀sà ti ń tú sínú òkun, ìgbì sì ń fọ́ lé e lórí láìsinmi. Òkìtì yìí ni ó fún Bar Beach ní orúkọ rẹ̀. Àwọn ọkọ̀ òkun ńlá kò lè wọlé. Wọn a dúró lójú agbami kí ọkọ̀ kéékèèké wá kó èrò àti ẹrù, tàbí kí wọ́n já ẹrù wọn sí Forcados, kí ọkọ̀ tí ó fúyẹ́ jù wọ́n lọ sì kó o wá sí Èkó. Àwọn atukọ̀ tí ń la ìgbì kọjá nígbà náà ní láti mọ ìgbì kà bí ẹní ń ka ìwé: wọ́n ní láti mọ èyí tí wọn yóò jẹ́ kí ó kọjá, àti èyí tí wọn yóò bá lọ. Ìmọ̀ yìí kan náà ni ẹni tí ń gun ìgbì ń wá lónìí, bí ó tilẹ̀ jẹ́ pé eré ni tirẹ̀.

Láti ọdún 1908 ni ìjọba amúnisìn Gẹ̀ẹ́sì ti bẹ̀rẹ̀ sí í fi òkúta mọ ògiri wọ inú òkun ní ìhà méjèèjì ẹnu ọ̀nà náà, kí omi ọ̀sà lè máa ṣàn jáde pẹ̀lú agbára, kí ó sì máa gbá iyanrìn kúrò lójú ọ̀nà. Abẹ́òkúta ni wọ́n ti ń fọ́ òkúta náà, ọkọ̀ ojú irin sì ni ó ń kó o wá sí Èkó. Iṣẹ́ yìí lọ ní ìpele-ìpele fún ọ̀pọ̀ ọdún, ó sì ṣe ohun tí wọ́n fẹ́ kí ó ṣe: ọkọ̀ ńlá bẹ̀rẹ̀ sí í wọ Èkó.

Ṣùgbọ́n ó tún ṣe ohun tí ẹnikẹ́ni kò rán an. Ní etíkun Nàìjíríà ní apá Èkó, ìgbì ń gbá iyanrìn láti ìwọ̀-oòrùn lọ sí ìlà-oòrùn lójoojúmọ́, bí odò tí a kò rí. Nígbà tí ògiri ìwọ̀-oòrùn dá iyanrìn yìí dúró, ó ń kó jọ sẹ́yìn ògiri náà. Èyí ni ó mú kí Lighthouse Beach, etíkun gbalasa tí ó wà ní ẹ̀yìn Tarkwa Bay, máa fẹ̀ sí i. Ní inú ògiri náà, ní igun tí ìgbì kò ti lágbára, iyanrìn rọra balẹ̀, ó sì di etíkun roboto kan. Èyí ni Tarkwa Bay. Ní òdìkejì ọ̀nà omi, ìyà ni ó jẹ Bar Beach. Iyanrìn tí ìbá máa rọ́pò èyí tí òkun ń kó lọ kò dé mọ́, òkun sì bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ ilẹ̀ Victoria Island wọlé. Fún ọ̀pọ̀ ọdún ni ìjọba fi ń da iyanrìn sí Bar Beach tí òkun sì ń kó o lọ, kí wọ́n tó wá mọ ògiri òkúta ti Eko Atlantic. A kò lè sọ ìtàn etíkun kan nínú méjèèjì láìsọ ti èkejì, nítorí òkúta kan náà ni ó tún ọ̀kan ṣe tí ó sì ba èkejì jẹ́.

Ìgbì àti àkókò

Àwọn ìgbì tí ń dé Èkó kì í ṣe ọmọ afẹ́fẹ́ Èkó. Ìjì tí ń jà ní apá gúúsù Òkun Àtìláńtíìkì, ní ẹgbẹẹgbẹ̀rún kìlómítà sí ibẹ̀, ni ó ń bí wọn. Wọn a rin ìrìn ọjọ́ púpọ̀ kí wọ́n tó dé Ọ̀gbun Guinea láti apá gúúsù àti gúúsù-ìwọ̀-oòrùn. Ìdí nìyí tí ìgbì fi lè ga ní ọjọ́ tí oòrùn mú ganrínganrín tí ewé kan kò mì. Ọ̀pọ̀ àlejò ni ó ń ṣe àṣìṣe lórí èyí: wọ́n a wo ojú ọ̀run, wọn kò ní wo òkun.

Ní Lighthouse Beach, ìgbì wọ̀nyí ń dé pẹ̀lú agbára wọn ní pípé, wọ́n sì ń fọ́ lójijì sórí iyanrìn tí ó dagun. Kí wọ́n tó lè wọ Tarkwa Bay, wọ́n gbọ́dọ̀ yí ìparí ògiri òkúta ká kí wọ́n sì ṣẹ́rí padà sínú. Bí ìgbì bá ti ń ṣẹ́rí báyìí ni ó ń nà tí agbára rẹ̀ sì ń pín. Ìyẹn ni pé ní ọjọ́ tí ìgbì bá ga ju ènìyàn lọ ní ìta, ó lè má ju ibi orúnkún tàbí ìbàdí lọ nínú etíkun náà. Ilẹ̀ ìsàlẹ̀ omi jẹ́ iyanrìn, kò sí àpáta níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lò, ó sì ń jìn díẹ̀díẹ̀. Fún ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń bẹ̀rẹ̀, kò fẹ́rẹ̀ẹ́ sí ohun mìíràn tí ó tún ń wá.

Ìgbà òjò, pàápàá láti oṣù karùn-ún sí oṣù kẹsàn-án, ni ìgbì ń tóbi jù. Àwọn tí ó ti mọ̀ ọ́n gùn ń retí àkókò yìí. Akẹ́kọ̀ọ́ ni ó ni ìgbà ẹ̀ẹ̀rùn, láti nǹkan bí oṣù kọkànlá sí oṣù kẹta, nígbà tí ìgbì kéré tí ó sì ń wá létòlétò. Ní àwọn ọjọ́ ọyẹ́, eruku lè bo ojú ọ̀run débi tí a kò ní rí Victoria Island dáadáa, ṣùgbọ́n kì í dí eré lọ́wọ́. Omi náà ń lọ́ wọ́ọ́rọ́ jálẹ̀ ọdún, nítorí náà kò sí ìdí láti wọ aṣọ rọ́bà tí àwọn tí ń gun ìgbì ní ilẹ̀ òtútù ń wọ̀. Ẹ̀wù tín-ín-rín alápá gígùn wúlò síbẹ̀, nítorí oòrùn, àti nítorí pé pákó máa ń họ àyà àti ikùn.

Ìkún àti ìfà omi ní Èkó kò pọ̀: ìyàtọ̀ àárín méjèèjì kò fi bẹ́ẹ̀ ju mítà kan lọ. Síbẹ̀ ó ń yí ibi tí ìgbì ti ń fọ́ padà. Bí omi bá kún gan-an, ìgbì kéékèèké lè má fọ́ rárá títí wọn yóò fi dé etí iyanrìn.

Ìrìn-àjò lọ síbẹ̀

Láti àwọn èbúté kéékèèké ní Victoria Island àti ní Marina ní Erékùṣù Èkó ni ọkọ̀ ẹlẹ́ńjìnnì ti ń gbé èrò lọ sí Tarkwa Bay. Èyí tí orúkọ rẹ̀ gbajúmọ̀ jù nínú wọn ni èbúté tí àwọn ènìyàn ń pè ní Tarzan. Ìrìn náà kò gùn. Ènìyàn lè wọ ọkọ̀ pẹ̀lú àwọn èrò yòókù kí ó san owó tirẹ̀, tàbí kí òun àti ẹgbẹ́ rẹ̀ gba odindi ọkọ̀. Ó dára kí wọ́n fẹnu kò lórí owó àlọ àti àbọ̀ kí ẹsẹ̀ tó kúrò nílẹ̀, kí wọ́n sì gba nọ́ńbà fóònù awakọ̀, nítorí ẹni tí ó bá pẹ́ títí ilẹ̀ fi ṣú yóò ṣòro fún un láti rí ọkọ̀.

Àjọ tí ń rí sí ọ̀nà omi ní Ìpínlẹ̀ Èkó, LASWA, pàṣẹ pé gbogbo èrò ọkọ̀ gbọ́dọ̀ wọ ẹ̀wù tí ń mú ènìyàn léfòó, ó sì ti kìlọ̀ léraléra nípa ìrìn-àjò òru lórí omi. Kí àlejò má fi ojú kékeré wo èyí nítorí pé ọ̀nà kò jìn. Ọ̀nà omi tí ọkọ̀ ń gbà yìí ni ọkọ̀ akẹ́rù ńláńlá ń gbà, ìgbì tí ọkọ̀ bẹ́ẹ̀ sì ń fi sẹ́yìn lè gbé ọkọ̀ kékeré jù. Bí ẹ̀wù náà bá ti ya tàbí tí okùn rẹ̀ kò ṣeé dì, kí èrò béèrè fún òmíràn. Kò sí ìtìjú níbẹ̀.

Ní etíkun náà, àlejò lè retí pé wọn yóò gba owó díẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀ ní ìwọlé, àti owó ìjókòó sábẹ́ àtíbàbà. Ẹja sísun, ìrẹsì, omi inú ike àti ọtí ẹlẹ́rìndòdò wà fún títà. Ọjọ́ àìkú àti ọjọ́ ọdún ni èrò ń pọ̀ jù, pẹ̀lú orin láti ẹ̀rọ gbohùngbohùn. Ẹni tí ó ń wá ìdákẹ́jẹ́ yẹ kí ó lọ ní àárín ọ̀sẹ̀, ní òwúrọ̀ kùtùkùtù. Nígbà náà ni omi ń tẹ́jú, tí afẹ́fẹ́ òkun kò tíì jí, tí apẹja nìkan sì ń fa àwọ̀n.

Kíkọ́ eré gígun ìgbì

Àwọn ọ̀dọ́ abúlé náà ni olùkọ́. Púpọ̀ nínú wọn bẹ̀rẹ̀ ní ọmọdé, lórí pákó lásán, kí pákó gidi tó tẹ̀ wọ́n lọ́wọ́ láti ọ̀dọ̀ àwọn àlejò. Wọ́n máa ń yá àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ní pákó, wọ́n sì ń bá wọn wọ inú omi. Pákó tí ó yẹ akẹ́kọ̀ọ́ ni èyí tí ó gùn ní nǹkan bí ẹsẹ̀ bàtà 8 sí 9, tí ó nípọn, tí a sì fi fóòmù bo ojú rẹ̀. Pákó kúkúrú tí àwọn ọ̀gá ń lò rẹwà lójú, ṣùgbọ́n ó máa ń rì sábẹ́ ẹni tí kò mọ̀ ọ́n lò. Okùn kan wà ní ìdí pákó tí a ń so mọ́ ọrùn ẹsẹ̀. Ó ń jẹ́ kí pákó wà nítòsí ẹni tí ó ṣubú, ó sì ń dí pákó lọ́wọ́ láti sáré lọ gbá ọmọ tí ń ṣeré létí omi.

Orí iyanrìn gbígbẹ ni ẹ̀kọ́ ti ń bẹ̀rẹ̀. Akẹ́kọ̀ọ́ yóò fi àyà lé pákó, yóò fi ọwọ́ tu bí ẹni pé omi wà lábẹ́ rẹ̀, lẹ́yìn náà yóò ti ara rẹ̀ sókè, yóò fa ẹsẹ̀ méjèèjì wọlé lẹ́ẹ̀kan náà, yóò sì dúró ní ẹ̀gbẹ́ pẹ̀lú orúnkún tí ó tẹ̀. Ọ̀pọ̀ ènìyàn ni ó máa ń kọ́kọ́ kúnlẹ̀. Olùkọ́ tí ó mọṣẹ́ kì í gbà á, nítorí àṣà ìkúnlẹ̀ ṣòro láti fi sílẹ̀ bí ó bá ti mọ́ ènìyàn lára. Lẹ́yìn èyí ni wọn yóò wọ omi tí kò ju ìbàdí lọ, níbi tí ìgbì ti fọ́ tán tí omi sì ń hó funfun bọ̀ wá sí etí iyanrìn. Omi híhó yìí ni yóò ti akẹ́kọ̀ọ́ lọ. Ìgbì tí kò tíì fọ́ kò kàn án ní ọjọ́ àkọ́kọ́.

Ojú ni ó ń darí ara. Ẹni tí ó bá ń wo ẹsẹ̀ ara rẹ̀ yóò ṣubú sí ibi tí ó ń wò. Bí ó bá ṣubú, kí ó nà gbalaja sójú omi, kí ó má ṣe fi orí ṣáájú, nítorí omi náà kò jìn. Kí ó sì fi apá bo orí kí ó tó yọ jáde, nítorí pákó lè wà lókè níbẹ̀. Òfin kan wà tí gbogbo àwọn tí ń gun ìgbì káàkiri ayé ń tẹ̀ lé: ẹnìkan ni ó ni ìgbì kan, ẹni tí ó sì sún mọ́ ibi tí ìgbì ti kọ́kọ́ ń fọ́ jù lọ ni ó ni ín. Ní Tarkwa Bay, a máa ń pọ́n àlejò lé, ṣùgbọ́n ẹni tí ó bá ń já ìgbì gbà lọ́wọ́ àwọn ọmọ abúlé yóò gbọ́ ọ̀rọ̀ ní èdè mẹ́ta.

Ewu

Ìrọ̀lẹ̀ omi náà kò sọ pé kò lè pa ènìyàn. Ohun àkọ́kọ́ ni ìṣàn tí ń fa ènìyàn lọ sójú agbami. Omi tí ìgbì gbé wá sí etíkun gbọ́dọ̀ wá ọ̀nà padà sí òkun, ó sì máa ń gba ojú ọ̀nà tóóró kan lọ. Ojú ọ̀nà yìí sábà máa ń dàbí ibi tí omi ti dákẹ́ jù láàárín ìgbì, ìyẹn sì ni ó fi ń tan àwọn tí kò mọ̀. Ìṣàn bẹ́ẹ̀ wọ́pọ̀ ní Lighthouse Beach, ó sì ń wáyé lẹ́bàá ògiri òkúta. Ẹni tí ó bá bọ́ sínú rẹ̀ kò gbọdọ̀ bá a jà nípa lílúwẹ̀ padà tààrà sí etí iyanrìn. Àárẹ̀ ni ó ń pa ènìyàn níbẹ̀. Kí ó di pákó rẹ̀ mú, kí ó lúwẹ̀ ní ìbú, ní ìbámu pẹ̀lú etíkun, títí yóò fi bọ́ kúrò nínú ìṣàn náà, kí ó tó darí wálé. Kí ó gbé ọwọ́ sókè bí ó bá nílò ìrànlọ́wọ́.

Èkejì ni ògiri òkúta fúnra rẹ̀, nítorí òkúta náà ń yọ̀, ìgbẹ́ òkun sì ti jẹ́ kí ojú rẹ̀ mú bí ọ̀bẹ. Ẹ̀kẹta ni ọ̀nà àwọn ọkọ̀ ńlá, tí kò sí ìdí kankan fún akẹ́kọ̀ọ́ láti sún mọ́. Kí àlejò má sì gbára lé pé ẹni tí ń ṣọ́ àwọn òmùwẹ̀ yóò wà lórí ìjókòó níbẹ̀ nígbà gbogbo. Ẹni tí kò mọ̀ ọ́n wẹ̀ rárá yẹ kí ó kọ́kọ́ kọ́ ìlúwẹ̀.

Ìdọ̀tí náà wà. Ike àti ọ̀rá tí ọ̀sà kó jáde láti inú ìlú Èkó máa ń gúnlẹ̀ sí Tarkwa Bay, pàápàá lẹ́yìn òjò ńlá, omi náà sì lè dọ̀tí ní irú ọjọ́ bẹ́ẹ̀. Ó dára kí ènìyàn jẹ́ kí ọjọ́ kan tàbí méjì kọjá lẹ́yìn àrọ̀ọ̀rọ̀dá òjò kí ó tó wọ̀ ọ́.

Ọ̀rọ̀ ìperí

Yorùbá kò tíì ní orúkọ kan ṣoṣo tí gbogbo ènìyàn gbà fún eré yìí. Lórí etíkun, sọ́ọ̀fù ni àwọn ọmọ abúlé ń pè é nínú gbogbo èdè tí wọ́n ń sọ. A lo gígun ìgbì nínú àyọkà yìí nítorí pé ọ̀rọ̀-ìṣe gùn ni Yorùbá ń lò fún ẹni tí ó wà lórí ohun kan, bí ẹṣin. Ọkọ̀ ojú omi ní tirẹ̀, wíwà tàbí títù ni. Gùn kan náà ni a ń lò fún òrìṣà tí ó bá gun ẹlẹ́gùn rẹ̀, ṣùgbọ́n níbẹ̀ ènìyàn ni ó wà nísàlẹ̀. Ó yẹ kí a tún ya òkun sọ́tọ̀ kúrò lára ọ̀sà: ọ̀sà ni omi tí ọkọ̀ ń gbà lọ sí Tarkwa Bay, òkun ni ó ń rán ìgbì sí i. Èdè Yorùbá ṣe ìyàtọ̀ yìí kedere, ó sì gbé Olókun ka orí òkun gẹ́gẹ́ bí ẹni tí ó ni ín.

Àwọn olùgbé àti ìlékúrò ọdún 2020

Ẹ̀gùn, Ìlàjẹ, Ìjọ àti àwọn ẹ̀yà mìíràn ni ó ń gbé Tarkwa Bay, iṣẹ́ ẹja, ọkọ̀ wíwà, oúnjẹ títà àti ṣíṣe àlejò ni wọ́n sì fi ń jẹun. Ní ọjọ́ 21 oṣù kìn-ín-ní ọdún 2020, àwọn ọmọ ogun ojú omi Nàìjíríà wọ abúlé náà. Gẹ́gẹ́ bí àwọn ilé ìròyìn ti ròyìn rẹ̀ nígbà náà, wọ́n yìnbọn sókè, wọ́n sì fún àwọn olùgbé ní nǹkan bíi wákàtí kan láti kó ẹrù wọn. Lẹ́yìn náà ni wọ́n bẹ̀rẹ̀ sí í wó ilé. Iye ènìyàn tí ìròyìn sọ pé wọ́n ń gbé níbẹ̀ tó 4,500. Àwọn abúlé mìíràn lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà ti rí irú rẹ̀ ní àwọn ọ̀sẹ̀ tí ó ṣáájú.

Ìdí tí àwọn ọmọ ogun náà fúnni ni pé àwọn kan ń lu ọ̀pá epo tí ó gba àgbègbè náà kọjá, wọ́n sì ń jí epo inú rẹ̀. Àwọn olùgbé kò sẹ́ pé ọ̀pá epo wà. Ohun tí wọ́n ń béèrè ni ìdí tí a fi fìyà olè jẹ apẹja, olùkọ́ àti ìyá ọlọ́mọ, láìsí ìwé ìkìlọ̀ àti láìsí ibi tí wọ́n lè kó lọ. Amnesty International bu ẹnu àtẹ́ lu ìṣẹ̀lẹ̀ náà. Nínú ọ̀rọ̀ Otodo Gbame, abúlé apẹja mìíràn ní Èkó, ilé ẹjọ́ gíga ti Ìpínlẹ̀ Èkó ti dájọ́ ní oṣù kẹfà ọdún 2017 pé lílé ènìyàn kúrò nílé láìpèsè ibòmíràn fún wọn lòdì sí òfin orílẹ̀-èdè.

Inú abúlé náà ni àwọn olùkọ́ eré gígun ìgbì ń gbé. Ilé tí a wó ni àwọn ọmọ ń tọ́jú pákó wọn sí, ìmọ̀ nípa ibi tí ìgbì dára àti ibi tí ó léwu kò sì sí nínú ìwé kankan bí kò ṣe lọ́wọ́ wọn. Lẹ́yìn ìṣẹ̀lẹ̀ náà, àwọn kan lọ bá ẹbí ní àwọn àdúgbò etí omi mìíràn, àwọn kan padà, eré náà kò sì parẹ́. Ṣùgbọ́n ẹni tí ń ti ẹ̀yìn ọ̀sà wá fi ojoojúmọ́ kọ́ni ń san owó ọkọ̀ lórí ohun tí ó jẹ́ iwájú ilé rẹ̀ tẹ́lẹ̀. Nítorí èyí, kí àlejò gba olùkọ́ láti inú abúlé, kí ó sì ra oúnjẹ níbẹ̀ dípò kí ó gbé e wá láti ìlú, kì í ṣe ọ̀rọ̀ àánú lásán.

Eré náà ní Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà

Hawaii ni ayé sábà máa ń dárúkọ bí a bá ń sọ ìpilẹ̀ṣẹ̀ eré yìí, àwọn ará Polynesia ni wọ́n sì sọ ọ́ di ohun ńlá. Síbẹ̀ Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà ní ìtàn tirẹ̀. Michael Hemmersam, ará Jámánì tí ó gbé ní Gold Coast (Ghana òde òní) ní àwọn ọdún 1640, kọ nípa àwọn òbí tí ń so ọmọ wọn mọ́ pákó tí wọ́n sì ń jù wọ́n sínú omi. Onímọ̀ ìtàn Kevin Dawson tọ pinpin àkọsílẹ̀ yìí àti àwọn mìíràn nínú ìwé rẹ̀ Undercurrents of Power, tí ó jáde ní 2018, láti fi hàn pé àwọn ènìyàn etíkun yìí ń gun ìgbì kí òyìnbó tó gbọ́ orúkọ Hawaii.

Ní ti sinimá, The Endless Summer, tí Bruce Brown ṣe tí ó sì jáde ní 1966, tẹ̀ lé àwọn ọ̀dọ́ méjì láti Kalifóníà, Mike Hynson àti Robert August, bí wọ́n ti ń wá ìgbì káàkiri ayé. Senegal, Ghana àti Èkó wà nínú ìrìn-àjò wọn. Sinimá náà sọ ọ̀rọ̀ bí ẹni pé òkun Áfíríkà ń dúró de ẹni àkọ́kọ́ tí yóò gùn ún, èrò tí àkọsílẹ̀ Hemmersam fúnra rẹ̀ tako.

Lára àwọn etíkun Ìwọ̀-oòrùn Áfíríkà tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ń lọ, Busua ní Ghana ni ó jọ Tarkwa Bay jù ní ti ìgbì pẹ̀lẹ́ àti ilẹ̀ oníyanrìn. Erékùṣù Ngor ní Dakar jẹ́ erékùṣù gidi tí ọkọ̀ kékeré ń gbé èrò lọ, ṣùgbọ́n orí àpáta ni ìgbì olókìkí ibẹ̀ ti ń fọ́, kò sì yẹ ẹni tí ó ṣẹ̀ṣẹ̀ ń kọ́. Robertsport ní Liberia ní ìgbì gígùn tí ó yẹ àwọn tí ó ti já fáfá. Ní Èkó fúnra rẹ̀, Ilashe àti àwọn etíkun mìíràn lórí ilẹ̀ tẹ́ẹ́rẹ́ kan náà dákẹ́ ju Tarkwa Bay lọ, ṣùgbọ́n wọ́n dojú kọ òkun láìsí ògiri kankan níwájú wọn.